Ta ló fi adùn sínú oògùn ọmọdé?

Ẹ fi earpiece sétí dáadáa, nítorí ìtàn tòní dùn lẹ́nu ṣùgbọ́n ó korò níkùn.

Ní Ìjàgbà níbí, lágbègbè Ọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bíi káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà méjì ni àwọn ìyá àgbà mọ̀ láti fún ọmọ ní oògùn kíkorò. Èkíní ni rírọ. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ká ẹnu rẹ̀, wọ́n á da àgbo sí i. Ewu wà níbẹ̀ o: ọmọ tó ń sunkún lè fa àgbo náà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èkejì ni ẹ̀tàn. Wọ́n á po àgúnmu mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná tàbí oyin, ahọ́n ò ní fura. Ti àwọn bàbá yàtọ̀: ogógóró ni wọ́n ń rẹ egbò sí.

Òyìnbó náà kò mú kíkorò mọ́ra. Quinine, oògùn ibà tí Pelletier àti Caventou yọ láti ara èèpo igi ní Paris lọ́dún 1820, korò bí orógbó. Lọ́dún 1841, àwọn òyìnbó tó wọ odò Ọya kú bí eṣinṣin nítorí ibà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1854, nínú ọkọ̀ Pleiad tí Dókítà Baikie darí, tí Àjàyí Crowther tiwa wà nínú rẹ̀, wọ́n ń lo quinine lójoojúmọ́, òyìnbó kankan ò sì kú. Wáìnì ni àwọn ológun ojú omi ń po quinine mọ́ kó tó lè gba ọ̀nà ọ̀fun.

Títí débẹ̀, adùn ń ṣe rere. Ìgbà tó dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1937 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ sọ sulfanilamide di oògùn olómi tí ọmọdé lè mu. Wọ́n yọ́ ọ sínú diethylene glycol, wọ́n fi adùn èso raspberry sí i, wọn ò dán an wò. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Òfin oògùn tuntun jáde níbẹ̀ lọ́dún 1938.

Ẹ̀yin ará, májèlé kan náà ló wá sílé wa. Lọ́dún 1990, paracetamol olómi pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní Ìbàdàn àti Jos. Wọ́n dá NAFDAC sílẹ̀ lọ́dún 1993. Síbẹ̀, láti ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn eyín ọmọ tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84.

Kí ló fà á? Oògùn olómi nílò ohun tó máa yọ́ ọ, bíi propylene glycol. Diethylene glycol jọ ọ́, ó dùn lẹ́nu, ó sì pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ló ń bà jẹ́.

Èmi ò sọ pé ká padà sí rírọ o. Lọ́dún 2009 kan náà, Coartem oníhóró tó ń yọ́ nínú omi, tó ní adùn èso cherry, jáde fún ọmọdé, ó sì ń wo ibà. Adùn kọ́ ni ọ̀tá wa. Ohun tí wọn ò yẹ̀ wò ni. Àgbo kíkorò á kúkú sọ fún ẹ pé oògùn lòun. Adùn kì í sọ nǹkan kan, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹlòmíràn bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò, ẹ ra oògùn níbi tí apòògùn wà. Ẹ má pe oògùn ní súìtì fún ọmọ, kó má baà lọ jí i mu. Bí ọmọ tó ń mu oògùn olómi ò bá tọ̀ mọ́, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ fi eléyìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ń tọ́ ọmọ. Ó dìgbà kan ná.