Ta Ló Máa Pààrọ̀ Bátìrì Ọrùn Zebra?

Bí bátìrì fóònù yín bá kú, ẹ ó wá ṣájà. Bó bá jẹ́ ọrùn zebra, ẹranko abilà dúdú àti funfun, ni ẹ̀rọ náà wà ńkọ́?

Ìbéèrè tó dojú kọ Margaret Martonosi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Princeton, Amẹ́ríkà, nìyẹn nígbà tí wọ́n dáwọ́ lé iṣẹ́ ZebraNet. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí zebra ń rìn dé ní Kenya, tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n GPS ń jẹ iná gan-an. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n lórí fóònù yín. Kí wọ́n sì tó pààrọ̀ bátìrì, àfi kí wọ́n tún fi oògùn kun ẹranko náà lóorun. Ewu ni fún un, ìnáwó sì ni.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2004, wọ́n de ẹ̀rọ tó ní páànẹ́lì sólà mọ́ zebra mélòó kan lọ́rùn ní ọgbà ẹranko Sweetwaters. Oòrùn ló ń ṣájì bátìrì inú rẹ̀. Bí zebra méjì bá sún mọ́ra, ẹ̀rọ wọn á fún ara wọn ní ìròyìn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wa ọkọ̀ kọjá nítòsí ọ̀kan lè gba ti ọ̀pọ̀.

Ṣé ìṣòro ti parí? Rárá o. Bátìrì tí à ń ṣájì máa ń gbó. Ẹ wo fóònù tí ẹ ti lò fún ọdún mẹ́ta. Àgbẹ̀ tó kórè tí àká rẹ̀ ń jò, kí ló kó?

Ní 2005, Xiaofan Jiang, Joseph Polastre àti David Culler ní Berkeley, California, gbé ẹ̀rọ Prometheus jáde. Àká méjì ni wọ́n fún un. Iná oòrùn kọ́kọ́ ń wọ inú supercapacitor, tó lè gba iná láìmọye ìgbà láìtètè gbó, àmọ́ tí kò lè tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Bátìrì lithium wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí iná iwájú bá lọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fọwọ́ kàn án. Nínú ìṣirò wọn, bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ fún ìdá 1 péré nínú 100 àkókò rẹ̀, ó lè lo ọdún 43. Bó bá jẹ́ ìdá 10, ọdún 4. Bí kò bá sinmi rárá, ọdún 1.

Ìṣirò ni o. Ọdún 43 náà kò tíì pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti dé: ọ̀fẹ́ ni oòrùn, ibi tí a kó o pamọ́ sí àti bí ẹ̀rọ ṣe ń sinmi tó ló ń fún un ní ẹ̀mí gígùn.