Ìṣọ̀kan Èkìtì Parapọ̀: Àdéhùn Ogun tí Kò Di Ìjọba

Ìfáàrà
Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí à ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́, ìtàn akọni ni a fi Ogun Kírìjì ṣe. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìṣọ̀kan tí ogun náà bí ṣe pàtàkì ju ìjà fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ìlú tí èdè àti àṣà wọn súnmọ́ra, ṣùgbọ́n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọba tirẹ̀, fi ohùn ṣọ̀kan láti jagun. Kí ló dé tí ìṣọ̀kan náà kò fi di ìjọba kan?

Ohun tí ó fà á
Lẹ́yìn tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, agbára rẹ̀ gbòòrò dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìgbómìnà àti Àkókó. Iléṣà pàápàá bọ́ sí i lọ́wọ́ ní 1870. Àwọn ajẹ́lẹ̀ ni Ìbàdàn fi ń ṣàkóso. Wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ni ará ìlú lára. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí ṣíwájú nínú pípa ajẹ́lẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ìlú yòókù pé kí wọ́n parapọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì nínú Ogun Jálumi nítòsí Ìkìrun. Ìṣubú yìí ni ó fi hàn gbangba pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Bí wọ́n ṣe gbé e ró
Nǹkan mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí. Èkínní ni ìjuwọ́sílẹ̀. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà kò tètè dá sí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé, Fábùnmi tí ó bẹ̀rẹ̀ ogun gbà kí ó jẹ́ olórí. Èkejì ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti oko ẹrú padà dé. Ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ fi owó àti ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́, èyí tí ó dára ju ṣakabùlà lọ. Frederick Kumokun Haastrup, tí ó jẹ Ọwá Iléṣà ní 1896, wà lára wọn. Ẹ̀kẹta ni àjọṣe pẹ̀lú àwọn mìíràn tí ó ń bá Ìbàdàn ṣọ̀tá: Ìlọrin ń jagun ní apá àríwá, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sì dí ọ̀nà òkun.

Ibi tí ó parí sí
Ààrẹ Látòósà kú ní ibùdó ogun ní 1885. Ní 1886, Samuel Johnson àti Charles Phillips jẹ́ ìránṣẹ́ ìjọba Èkó nínú ètò àlàáfíà. Àdéhùn náà sọ pé kí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ bọ̀wọ̀ fún òmìnira ara wọn, ṣùgbọ́n Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè kó kúrò níbẹ̀. Ogun kò tú ká pátápátá títí di 1893.

Kò yẹ kí a pe èyí ní ìjákulẹ̀ lásán. Òmìnira ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jà fún. Bí wọ́n bá fi ọba kan jẹ lé gbogbo wọn lórí, wọn ìbá ti pa ohun tí wọ́n ń dáàbò bò. Síbẹ̀, àbùkù kan wà níbẹ̀. Ọ̀tá kan náà ni okùn tí ó so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ọ̀tá náà kúrò, okùn náà já. Nígbà tí Captain Bower mú Ògèdèǹgbé ní 1894, kò sí ẹgbẹ́ ogun kan tí ó dìde láti gbà á.

Ìkádìí
Lónìí, Ìjẹ̀ṣà wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Èkìtì sì ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀ láti 1996. A rọ àwọn olùkọ́ ọ̀la pé kí wọ́n má ṣe fi ìtàn yìí kọ́ ọmọ bí ẹni ń ka oríkì. Kí wọ́n bi wọ́n léèrè pé: bí ọ̀tá bá lọ, kí ni yóò tún so wá pọ̀? Ẹni tí ó bá ń dábàá ìṣọ̀kan kò gbọdọ̀ fi ìbéèrè náà sílẹ̀ di ìgbà tí ìbọn bá dákẹ́.