Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Ìgbà tí àlejò bá ṣìṣe ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí. Ó ti lè lọ jókòó sórí àga baálé, tàbí kí ó fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbàlagbà, tàbí kí ó bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣàwàdà. Àwọn ará ilé á wo ara wọn lójú, ẹnì kan á sì sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, àlejò lójú, kò fi ríran." Ẹ̀bẹ̀ ni òwe náà ń bá a bẹ̀, kì í ṣe èébú. Kò sọ pé ojú àlejò fọ́. Àga tí onílé rí ni òun náà rí. Ohun tí kò rí ni ẹni tó ni àga, ọdún tó ti ń jókòó sí i, àti ìdí tí àwọn ọmọ ilé fi ń rìn yí i ká bí wọ́n bá ń gbálẹ̀.

Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni wà tí òwe yìí bá mu ju akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí yunifásítì nílùú onílùú. Oníṣòwò á tajà, á sì lọ. Ẹni tó rìnrìn àjò afẹ́ á ya fọ́tò, á sì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀, wọ́n gbà á láyè kí ó pẹ́, mímọ̀ sì ni iṣẹ́ tó wá ṣe. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin wòran, tí wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí, tí ojú wọn á ṣì wà bó ṣe wà. Lójú tèmi, wíwò kọ́ ló ń la ojú àlejò. Iṣẹ́ tí onílé bá fi lé e lọ́wọ́ ló ń là á, àti ìbáwí tó bá gbà nídìí iṣẹ́ náà.

Yunifásítì fúnra rẹ̀ lè dènà èyí, nítorí ó ní ọgbà, ọgbà sì ní ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló wà, ìwé ẹ̀rí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, gáùn ni akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wọ̀ lọ jẹun alẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wọ ibẹ̀ ti dé Ìlú Ọba láìwọ ọkọ̀ ojú omi. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ ní 1950, kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé òun kò tíì dé ilẹ̀ Yorùbá bí òun bá ń gbé inú ọgbà náà. Ó bọ́ sí ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn àgbà lẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú wọn, ó kó lọ sí Ẹdẹ, lẹ́yìn náà Ìlobùú, lẹ́yìn náà Òṣogbo. Àwọn tó ṣẹ́ kù sínú ọgbà náà rí Ìbàdàn lójoojúmọ́ láti ojú fèrèsé.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù ni ti Karin Barber. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Cambridge kó tó wá sí Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí ìyẹn: láti Cambridge wá sí Ifẹ̀ láti wá gboyè, nígbà tí àwọn ọmọ tiwa ń fi ojoojúmọ́ gbàdúrà físà. Ó gba oyè náà ní 1979, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ọgbà Ifẹ̀ ló ti rí ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀. Òkukù ló lọ gbé fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ìlú kan lẹ́yìn Ìkirun lójú ọ̀nà Ọ̀fà, tí ojú irin gba inú rẹ̀ kọjá.

Oríkì ló wá kọ́ níbẹ̀, kò sì sí ohun tó ń fi òótọ́ òwe wa hàn tó oríkì. Bí obìnrin ilé bá dìde tó ń ki ẹni tó ṣe ìnáwó, gbogbo ẹni tó wà lójúde ló ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kìíní lè jẹ́ ti bàbá ńlá onítọ̀hún, èkejì lè jẹ́ ti ìyá rẹ̀, ẹ̀kẹta lè jẹ́ ti orílẹ̀ tí wọ́n ti ṣí wá, ẹni tó ń kì í kò sì ní dúró ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ oríkì wà lẹ́nu àwọn obìnrin. Ìtàn tó wà nídìí rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn àgbà ọkùnrin ló pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ gba ohùn obìnrin sílẹ̀ láàárọ̀, tó padà sí Ifẹ̀ lálẹ́, ti kó ọ̀rọ̀ lọ láìkó ìtumọ̀. Ẹni tó bá sì jókòó ti àwọn bàbá nìkan á gbọ́ ìtàn tí kò ní ohùn.

Nítorí náà kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí Barber wà níbẹ̀ lọ. Ó ní láti wà níbi òkú, níbi ọdún egúngún, àti níbi tí ọmọge tó fẹ́ relé ọkọ ti ń kọ́ rárà ìyàwó lọ́dọ̀ àwọn tó ti sun tiwọn. Ìwé tó ti ibẹ̀ jáde ní 1991 sọ ohun tí ọ̀mọ̀wé tó jókòó sínú ilé ìkàwé kò lè sọ. Ó ní bí oríkì ṣe ń fò láti orí ẹnì kan sórí ẹlòmíràn, tí ẹni tó bá fi ojú ewì Gẹ̀ẹ́sì wò ó á pè é ní rúdurùdu, iṣẹ́ tí oríkì wà fún gan-an nìyẹn. Ó ń mú àwọn tó ti lọ wá sí àárín àwọn tó wà láàyè, ó sì ń sọ ẹni tí wọ́n ń kì di ẹni ńlá lójú èrò.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti gbà fún un pátápátá ni ọ̀rọ̀ eré. Lẹ́yìn ọdún tó lò ní Òkukù, ó ń kọ́ni ní Ifẹ̀ títí di 1984, ó sì bá ẹgbẹ́ eré Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo ṣe eré, Adéjọbí tí Kóòtù Aṣípa sọ di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ yẹn kì í kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀ fún òṣèré láti há sórí. Wọ́n á sọ bí ìtàn ṣe lọ, olúkúlùkù á sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lójú agbo. Bí ẹni tí ẹ jọ wà lórí pèpéle bá pa òwe, èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ kí àwọn òǹwòran tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìdánwò wo ni yunifásítì fẹ́ ṣe fún àlejò tó le ju ìyẹn lọ?

Ó yẹ kí n sọ pé ilẹ̀kùn tó ṣí fún un kì í ṣí fún gbogbo àlejò. Òyìnbó ni, àwa sì ń fi àga fún òyìnbó kó tó béèrè. Ládiípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, kò rí irú rẹ̀ nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ọ̀pọ̀ onílé ibẹ̀ kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sí yàrá. Ní 1925 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a mọ̀ sí WASU sílẹ̀, ní 1933 wọ́n sì ṣí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè sùn sí ní Camden. Ta ló máa bá irú wọn wí pé wọn kò bá onílùú da nǹkan pọ̀?

Fágúnwà, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, náà lọ, ní 1946. Ẹni tó ti ń rán ọdẹ lọ sí igbó irúnmọlẹ̀ láti 1938 ni wọ́n wá rán lọ sí Ìlú Ọba, British Council ló sì san owó rẹ̀. Ó padà dé, ó sì kọ ìwé Ìrìnàjò. Yorùbá ló fi kọ ọ́, fún àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí. Mo ka ìyẹn sí iṣẹ́ tó ń la ojú, nítorí ẹni tó bá ní láti ṣàlàyé ìlú òyìnbó fún ìyá tó wà ní Òkè-Igbó kò lè fi "bó ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn" bọ́.

Àwọn tó ń lọ sí Ìlú Ọba lónìí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ń bá ọmọ Nàìjíríà gbé ilé, wọ́n ń ra gàrí ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì ń jọ́sìn pẹ̀lú ọmọ Nàìjíríà ní ọjọ́ Ìsinmi. Mi ò dá wọn lẹ́bi, òtútù àti àárò ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé iṣẹ́ tó lè la ojú wọn wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń fi pamọ́ fún ará ilé bí ẹni pé olè ni wọ́n ń jà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń sọ, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe láàárín wákàtí 20 tí físà gbà fún un lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ní kí ó béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún orúkọ tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun, ìyá náà á sì dárúkọ àbísọ rẹ̀ láìní "ìyá" kankan níwájú. Ahọ́n ọmọ Yorùbá á wúwo. Bó bá pe orúkọ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á rí i pé ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, àti pé ilẹ̀kùn tí a kàn kí a tó wọlé àti ìbéèrè tí a bi í kí a tó gbé e dìde ni wọ́n fi ń bu ọlá fún un. Á mọ̀ pé bí ìyá náà bá ní òun kò ní ìṣòro, ó lè jẹ́ pé ìrora ti pọ̀. Á mọ̀ pé ẹni tó bá sọ pé kí o wá mu tíì nílé òun lọ́jọ́ kan kò tíì pè ọ́ títí tí yóò fi dárúkọ ọjọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé "ẹ wá jẹun" fún ẹni tí a mọ̀ pé á dáhùn pé "á gba ibi ire." Kò sí olùkọ́ tó máa kọ èyí sójú pátákó fún un. Ìyá arúgbó yẹn ni ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀kọ́ náà.

Ẹrù òwe yìí kò sì sí lórí àlejò nìkan. Bí onílé kò bá fi iṣẹ́ rán an, tí kò sì bá a wí, ojú rẹ̀ kò ní là. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kan ti wá sí Yunifásítì Ìbàdàn láti kọ́ Yorùbá. Ohun tí ó ń bá ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá ni pé bí wọ́n bá kúnlẹ̀ kí ènìyàn, onílé á rẹ́rìn-ín, á pàtẹ́wọ́, á sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn. Ìfẹ́ ni a pe ìyẹn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni a tì.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ bá gba irú wọn sílé, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ náà bá fi Yorùbá kí yín, Yorùbá ni kí ẹ fi dá a lóhùn. Ẹ rán an lọ ra ata ní ọjà Bódìjà. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, ẹ sọ iye tó yẹ kó san fún un, kí ẹ sì rán an padà lọ́jọ́ kejì.