Residency àwọn òǹkọ̀wé: Kí ló jẹ́, ta ló lè lọ, èló ló ń náni?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan dá mi dúró ní Magazine Road, ní Jericho níbí. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo lẹ́tà yìí. Wọ́n ti gbà mí fún summer residency ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kadà mi ni mo fẹ́ tà, kí n fi san owó àkọ́kọ́."

Mo ka lẹ́tà náà tán, mo ní kó má tíì ta nǹkan kan. Ọdún méjì ló rò pé òun máa fi gbé ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni lẹ́tà náà sọ.

Kì í ṣe òun nìkan ló ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé wa.

Ti ilé ìwé

Ní Ìbàdàn, tí èèyàn bá ti pe residency, àwọn dókítà UCH ló máa ń wá sọ́kàn wa. Ti àwọn òǹkọ̀wé yàtọ̀, oríṣi méjì ló sì wà.

Àkọ́kọ́ ni ti àwọn ilé ìwé gíga tó ń fúnni ní oyè MFA nínú ìwé kíkọ, láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Goddard College ní ìpínlẹ̀ Vermont ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1976. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà òtútù àti nígbà ooru, ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ sí ọgbà, fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á tú iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò. Ẹni tó kọ ọ́ kì í sábà fọhùn títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀ tán. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà, wọ́n sì máa ń ka iṣẹ́ wọn sétí ara wọn lálẹ́. Lẹ́yìn náà, oníkálukú á gba ilé lọ, á máa kọ, á máa fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀. Ó máa ń tó ọdún méjì.

Owó ilé ìwé, owó ọkọ̀ òfúrufú àti físà, ọrùn akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo rẹ̀ wà, àfi tó bá rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń béèrè dìgírì àkọ́kọ́. Àwa tá a gba díplómà ní póli gbọ́dọ̀ béèrè dáadáa ká tó san owó fọ́ọ̀mù. Kì í sì í ṣe ọ̀nà àtilọ gbé Amẹ́ríkà: tí ọjọ́ mẹ́wàá bá ti pé, ilé ti yá nìyẹn.

Ti òǹkọ̀wé

Èkejì kì í ṣe ilé ìwé. Yàrá, tábìlì àti àsìkò ni wọ́n ń fún èèyàn, kó lè ráyè kọ ìwé rẹ̀. Kò sí ìdánwò, kò sí oyè. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni wọ́n ń wò. Amos Tutuola tó gbé Ìbàdàn, tí kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì Iowa ní 1983.

Ọ̀kan wà nítòsí wa. Dókítà Wálé Òkédìran, oníṣègùn tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, dá Ebedi International Writers Residency sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òfì, ní 2010. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀, wọn kì í san owó ilé, wọ́n sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ìlú náà. Láti Mọ́níyà, ọ̀nà kìlómítà 65 ni.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: Ṣé oyè wà níbẹ̀, àbí àyè lásán? Ọjọ́ mélòó? Ta ló ń sanwó ọkọ̀ àti oúnjẹ? Ẹ bi ilé ìwé náà fúnra rẹ̀, ẹ má bi aṣojú tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín.

Jericho tá a wà yìí, HEBN wà ní Ighodaro Road, University Press náà ò jìnnà. Ìwé tó ti parí ni wọ́n ń tẹ̀. Ọ̀kadà ọmọkùnrin yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé rẹ̀ ló kù kó parí.