Ta Ló Kọ Orin Darandaran? Àyẹ̀wò Ìkójọ Orin Kábọ́ọ̀ì ní Amẹ́ríkà

Nígbà tí John A. Lomax gbé ìwé rẹ̀, Cowboy Songs and Other Frontier Ballads, jáde ní ọdún 1910, díẹ̀ ni orin inú rẹ̀ tí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ wà lára rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìgbàgbé lásán. Èrò kan ni ó wà nídìí rẹ̀. Ní àkókò náà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bíi Francis Gummere gbà pé àwùjọ lápapọ̀ ni ó ń ṣẹ̀dá orin ìbílẹ̀, àti pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè dìde kí ó ní òun ni òun ni ín. Lomax, ẹni tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní Harvard ti gbà níyànjú láti máa kó orin jọ, wo àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin tí gbogbo ayé mọ̀ sí kábọ́ọ̀ì, ó sì rí irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ nínú wọn: àwọn ènìyàn tí ó jìnnà sí ìlú ńlá, tí ó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá fi ẹnu ara wọn dá sílẹ̀ ni wọ́n fi ń dára yá. Èrò yìí ran ìkójọ orin náà lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó bo àwọn tí ó kọ orin mọ́lẹ̀, nígbà tí púpọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè.

N. Howard Thorp ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú Lomax. Darandaran ni òun fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1889 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹṣin kiri ní New Mexico àti Texas, tí ó ń kọ orin sílẹ̀ láti ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti ròyìn, inú àgọ́ àwọn darandaran aláwọ̀ dúdú kan ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1908, ó san owó fún ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Estancia láti tẹ 2,000 ẹ̀dà Songs of the Cowboys. Ìwé pélébé ni. Ọ̀kan nínú orin inú rẹ̀ ni ‘Little Joe, the Wrangler’, tí Thorp fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún 1898, síbẹ̀ kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó jọ pé lójú rẹ̀ nígbà náà, kò yẹ kí darandaran máa fi orin yangàn láàárín ẹgbẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, orin yìí hàn nínú ìwé Lomax bí ohun tí kò ní olúwa. Nígbà tí Houghton Mifflin tún ìwé Thorp tẹ̀ ní ọdún 1921, ojú rẹ̀ ti là: ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ gbangba.

Ọ̀rọ̀ D. J. O'Malley le ju èyí lọ. Ní ọdún 1893, ìwé ìròyìn Stock Growers' Journal ti ìlú Miles City ní Montana tẹ ewì rẹ̀ kan jáde, ‘After the Roundup’, nípa darandaran tí ó ń múra àtilọ wo ìyá rẹ̀ bí iṣẹ́ bá parí, ṣùgbọ́n tí ó kú nígbà tí agbo màlúù bẹ́ sáré lóru. Orúkọ ọkọ ìyá rẹ̀, White, ni O'Malley ń jẹ́ nígbà náà, èyí sì mú kí ó ṣòro láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Lomax tẹ orin náà láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1925, Carl T. Sprague kọ ọ́ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ó sì tà wàrà-wàrà. Ẹni tí ó wá gbèjà O'Malley ni John I. White (orúkọ lásán ni ó pa wọ́n pọ̀), akọrin tí ó ń kọ orin kábọ́ọ̀ì lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Òun àti arúgbó náà ń kọ lẹ́tà sí ara wọn ní àwọn ọdún 1930. Ó gbé ìwé kékeré jáde nípa rẹ̀ ní 1934, ó sì gbé ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn akọrinsílẹ̀ wọ̀nyí jáde ní odidi ìwé ní 1975. Bí kò bá sí ìwé ìròyìn ọdún 1893 yẹn, àwíjàre lásán ni ọ̀rọ̀ O'Malley ì bá jẹ́.

Kóòtù ni ti ‘Home on the Range’ gbà yọ. Lẹ́yìn tí orin náà ti gbilẹ̀ lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, tọkọtaya kan láti Arizona, William àti Mary Goodwin, pe ẹjọ́ ní ọdún 1934 pé àwọn ni àwọn ni ín, wọ́n sì béèrè $500,000. Àwọn atẹ̀wé orin rán agbẹjọ́rò Samuel Moanfeldt lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó bá àwọn àgbà tí ó ti mọ orin náà tipẹ́tipẹ́ sọ̀rọ̀, títí ó fi dé Smith County ní Kansas. Ibẹ̀ ni ó ti hàn pé dókítà oníṣègùn kan, Brewster Higley, ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà ní nǹkan bí ọdún 1872, tí Daniel Kelley sì fún un ní ohùn. Ìwé ìròyìn Kirwin Chief ti ọdún 1876 tí ó gbé e jáde ṣì wà títí di òní. Ẹjọ́ Goodwin fọ́. Ní 1947, Kansas fi òfin sọ ọ́ di orin ìpínlẹ̀.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí èèyàn torí èyí sọ pé irọ́ pátápátá ni èrò Gummere. Gbólóhùn tí gbogbo ayé fi mọ orin náà, ‘home on the range’, kò sí nínú ewì Higley. Ẹnu àwọn tí ń kọ ọ́ kiri ni ó ti wọ inú rẹ̀. Lomax pẹ̀lú jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé òun a máa pa oríṣiríṣi ẹ̀dà orin kan náà pọ̀ di ọ̀kan, nítorí náà ohun tí ó tẹ̀ kì í ṣe ti òǹkọ̀wé, kì í sì í ṣe ti akọrin kan pàtó.

Ọ̀nà tí ‘Home on the Range’ gbà dé ọ̀dọ̀ Lomax gan-an tún yàtọ̀. Kì í ṣe Kansas ni ó ti rí i. San Antonio ni, lẹ́nu ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó ní ilé ọtí, tí ó ti máa ń se oúnjẹ fún àwọn darandaran lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ rí. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni Lomax fi gba orin náà lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin yìí kò sí lójú ewé tí orin náà wà nínú ìwé ọdún 1910.