Ìyálóde, Agbájé àti gbèsè Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ kan gbòde láàárín àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé pé kí olówó yé fi owó tọrẹ lásán. Kí ó yá aláìní ní owó tí yóò fi ṣòwò, kí ó sì gbà á padà. Muhammad Yunus ará Bangladesh gba ẹ̀bùn Nobel lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Ìbàdàn. Ó ti mú ẹ̀mí lọ rí.

Oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé àwọn ẹrú tó wà ní oko rẹ̀ nìkan tó 2,000. Kí a má bò ó mọ́lẹ̀: òógùn àwọn ẹrú wà nínú ọrọ̀ náà. Ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn olóyè ológun. Bí wọ́n bá kó ẹrù ogun bọ̀, ìgbà náà ni wọn yóò san owó. Nígbà tó yá, wọn kò san mọ́, Ìyálóde náà kò sì tà láwìn mọ́. Ní 1874 tí Ààrẹ Látòósà ti ogun dé, ó fẹ̀sùn kàn án pé kò bá òun lọ sógun, kò fi oúnjẹ ránṣẹ́, kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti pa á.

Ayé òyìnbó dé, ìjà náà kò tán. Salami Agbájé, Ọ̀tún Balógun, fi òwò àti ọkọ̀ akẹ́rù di ọlọ́rọ̀. Láti 1949 ni àwọn olóyè àti mọ́gàjí ti dìde pé kò gbọdọ̀ jẹ Olúbàdàn. Ahun wà lára ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn: òwò àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń ná owó sí, kì í fọ́n ọn fún àwọn ọmọlẹ́yìn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Butcher dìde ní 1951 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Agbájé kú ní 1953 láìdé orí oyè.

Ohun kan náà ni wọ́n bi àwọn méjèèjì: kí ni olówó jẹ ìlú? Ìdáhùn ìlú nígbà náà ni pé kí ó máa fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ ní ìdáhùn mìíràn, ẹ̀súsú. Níbẹ̀, ẹni tó kó owó lónìí ni yóò dá fún ẹlòmíràn lọ́la. Kò sí ọ̀gá, kò sí alágbe, ojú sì mọ ojú.

Lónìí, bí ìjọba tàbí olóṣèlú bá yá wa ní owó òwò, ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè é ní ìpín tiwa, a kì í dá a padà. Àwọn àgbà kìlọ̀ pé ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ẹni tí igi náà dínà mọ́ kì í ṣe olówó. Ìyá aláta tó kàn láti gbà ni.