Kí Facebook Tó Dé: Ohun Tí Ṣẹ̀gilọlá Kọ́ Wa Nípa Títa Ìwé



Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé wa ló ń fi owó ara wọn tẹ ìwé. Ọjọ́ tí ìwé bá dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook àti WhatsApp. Gbogbo wa á kọ "Congrats", páálí ìwé á sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é l'Ékòó láyé àtijọ́.

Isaac Babalọlá Thomas ló dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Ní oṣù keje ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Ó ti dàgbà, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó wá ń ròyìn ayé tó jẹ nígbà tí ọkùnrin ń du ẹwà rẹ̀. Kò sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Àwọn òǹkàwé ń retí lẹ́tà tó kàn, àwọn náà sì ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí Akéde. Àṣé Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́! Ìtàn náà parí ní oṣù kẹta 1930, ó sì di ìwé lọ́dún yẹn kan náà, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà. Kí ìwé tó jáde ni òǹkàwé ti wà nílẹ̀.

Ohun kejì ni pé Thomas ló ni Akéde Èkó. Ẹni tó bá gbé gbogbo ọjà rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ewu ń bẹ. Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní Ìlú Ọba, ibẹ̀ ló sọnù sí. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò kó tó jáde ní 1921.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú wa. Okechukwu Ofili dá OkadaBooks sílẹ̀ ní 2013. Òǹkọ̀wé ń gbé ìwé rẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, òǹkàwé ń rà á lórí fóònù. Ìparí oṣù November 2023, wọ́n tì í pa. Ẹni tí kò mọ àwọn oníbàárà rẹ̀ níbòmíràn, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ?

Facebook náà, kì í ṣe ilé bàbá wa. Ẹ máa fi ìtàn yín lé èèyàn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rà á, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé tiyín. Kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí ju ibì kan lọ.

Ta ló ń kọ̀wé lọ́wọ́ láàárín wa? Ẹ gbé ojú ìwé kìíní síbí, ká bá yín kà á.